Àpá Funfun Nìkan Kọ́ Ni MS

Lọ́dún 1981, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwòsàn Hammersmith ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé ẹ̀rọ MRI ń rí àpá àrùn multiple sclerosis, MS, nínú ọpọlọ ju ẹ̀rọ CT lọ fíìfíì. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti gbà pé ẹni tí àwòrán bá ti fi àpá hàn lórí rẹ̀, MS ló ń ṣe é. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Nínú MS, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń bá ọ̀rá tó bo iṣan inú ọpọlọ àti ti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn jà. Ibi tí wọ́n bá bà jẹ́ á hàn funfun nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru, túúlu, àní ogbó lásán, ń fi irú àmì funfun bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà ni ìlànà McDonald, tó jáde ní 2001, ṣe béèrè ibi tí àpá wà, tó sì wá ẹ̀rí pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn yọ. Bí wọ́n bá gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ gadolinium, àpá tuntun á tàn yòò. Èyí tó ti pẹ́ kò ní tàn. Síbẹ̀, ẹni tí ìṣesí àìsàn rẹ̀ ti jọ MS ni wọ́n ṣe ìlànà náà fún, kì í ṣe ẹnikẹ́ni tí orí ń fọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa aláwọ̀ dúdú gbọ̀ngbọ̀n. Neuromyelitis optica, àrùn mìíràn tó ń ba ojú àti ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́, ń bá wa jà ju bó ṣe ń bá òyìnbó jà lọ. Àpá tirẹ̀ nínú mùdùnmúdùn sábà máa ń gùn tó eegun ẹ̀yìn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti MS kì í sábà gùn tó bẹ́ẹ̀. Interferon tí wọ́n fi ń tọ́jú MS lè mú kí neuromyelitis optica burú sí i. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì wà tó lè tú àṣírí rẹ̀! Ó yẹ kí wọ́n ṣe é fún ọmọ Yorùbá tí ojú rẹ̀ ṣàdédé ṣókùnkùn, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn, ìbáà jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n tó kọ MS sínú fáìlì rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀ ni MRI wúlò jù lójú tèmi, torí ọ̀pọ̀ àpá ló ń yọ tí aláìsàn kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Àwòrán tí wọ́n bá yà ní oṣù 3 sí 6 lẹ́yìn tí oògùn bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí àpá tó yọ kí oògùn tó ràn kì í ṣe ẹ̀bi oògùn. Ẹ̀rọ kan náà ni kí wọ́n máa lò bó bá ṣeé ṣe: ẹ̀rọ tó lágbára jù lè fi àpá àtijọ́ hàn bí ẹni pé àná ló yọ, kí wọ́n sì pa oògùn tó ń ṣiṣẹ́ tì.