Owó Gbà-má-bínú

Gbà, má bínú: ohun tí a fi ń pẹ̀tù sọ́kàn ẹni tí a ṣẹ̀ ni. Ẹ̀bẹ̀ ni. Àmọ́ lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti ọdún 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀tọ́ ni owó gbà-má-bínú. Bí nọ́ọ̀sì kan n'Ílé-Ifẹ̀ bá gbé aláìsàn, tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì yẹ̀, kò di dandan kó fi hàn pé ọ̀gá jẹ̀bi. Kó ṣáà sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14, kó sì béèrè owó náà kí ọdún tó yípo. NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó yìí, ni yóò san án, láti inú owó tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá. Alábàárù ọjà Odò-Ògbè, n'Ífẹ̀ kan náà, ńkọ́? Kò ní agbanisíṣẹ́ tí yóò dáwó fún un, bẹ́ẹ̀ òun ló ń rù jù. Ó dùn mí gan-an.