Ìtàn Ìbéèrè "Èwo Ni Ó Dára Jù?"

Nínú iṣẹ́ kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ìbéèrè kan wà tí ó ní ìdáhùn pàtó: kí ni ó dé tí ètò mi kò ṣiṣẹ́? Òmíràn wà tí àwọn àgbà iṣẹ́ kò lè fi ohùn kan dáhùn: èdè wo ni ó dára jù láti fi kọ ètò yìí? Àwa tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè mọ irú ìjà bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìbéèrè kejì yìí ni mo fẹ́ pìtàn rẹ̀, nítorí pé ojúlé tí wọ́n ti lé e jáde kò kéré.

Ní ọdún 1968, Edsger Dijkstra kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ACM ní Amẹ́ríkà pé àṣẹ tí à ń pè ní goto, èyí tí ń mú kí kọ̀ǹpútà fò láti ibì kan sí ibòmíràn nínú ètò, ń ṣe ìpalára. Èrò ọkàn rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1987 wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí nínú ìwé ìròyìn kan náà!

Ní ọdún 1979 ni Tom Truscott àti Jim Ellis, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Duke, gbèrò Usenet, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fèsì ọ̀rọ̀ ara wọn láti ọ̀nà jíjìn. Kò pẹ́ tí ibẹ̀ fi di ọjà aláriwo. Nígbà tí wọ́n tún un tò ní ọdún 1987, wọn kò di àríyànjiyàn lẹ́nu. Wọ́n ya iyàrá kan sọ́tọ̀ fún un, wọ́n pè é ní talk. Ọgbọ́n gidi ni, lójú tèmi.

Ní ọdún 2008, Jeff Atwood àti Joel Spolsky ṣí Stack Overflow. Ìdáhùn tí a lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ni wọ́n fẹ́. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀, ìbéèrè nípa ìwé tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ ètò kà rí ojúrere ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí ó yá, wọ́n ti irú rẹ̀ pa. Ní ọdún 2010 wọ́n kọ́ ilé mìíràn fún àwọn tí a lé, èyí tí a wá ń pè ní Programmers. Ilé àlejò náà pàápàá tún bẹ̀rẹ̀ sí í lé àlejò! Software Engineering ni orúkọ rẹ̀ nísinsìnyí.

Kì í ṣe pé àwọn onílé náà burú. Ìbéèrè tí kò ju "ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́ràn" lọ a máa mú ọgọ́rùn-ún ìdáhùn wá, láìsí ọ̀kan tí ó ṣe é lò. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà yìí gan-an ni à ń pàdánù nígbà tí a bá tilẹ̀kùn. Ohun tí ojú ẹni tí ó ti fi èdè kan ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá ti rí, kò sí nínú ìwé ìlànà èdè náà.

Àwọn onílé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2010 kan náà ni wọ́n gbé ìlànà jáde: kí a béèrè ìrírí ju èrò lásán lọ, kí a béèrè ìdí, kí ẹni tí ń dáhùn sì mú ẹ̀rí wá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń béèrè lórí Reddit tàbí Hacker News lónìí, kí ó má wulẹ̀ wí pé, "Python ni tàbí Java?" Kí ó wí pé: "Ènìyàn mẹ́ta ni wá, oṣù mẹ́fà ni a ní, Python nìkan ni ẹni méjì nínú wa gbọ́. Ẹni tí ó ti wà nínú irú ipò yìí rí, kí ni ó yàn, kí ni ó sì kábàámọ̀?"