Písà Pẹrẹsẹ àti Èyí Tí A Ká: Ohun Tó Yẹ Kí Olùtọ́jú Mọ̀

Kí ni písà?

Písà jẹ́ oúnjẹ àwọn ará Ítálì, pàápàá ti ìlú Naples. Ìyẹ̀fun àlìkámà ni a fi omi, iyọ̀ àti ìwúkàrà pò, tí a tẹ́ pẹrẹsẹ, tí a sì fi tòmátì àti wàràkàṣì sí lórí kí a tó yan án nínú ààrò gbígbóná. Ní ọdún 2017, àjọ UNESCO fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń yan písà ní Naples kún àkójọ àṣà àjogúnbá aráyé.

Àwọn ìbátan rẹ̀

• Calzone: a ṣẹ́ ẹ po bí ìlàjì òṣùpá, a tẹ etí rẹ̀ pa, a sì yan án.
• Panzerotti: ó jọ calzone, ṣùgbọ́n ó kéré sí i, inú òróró ni a sì ti ń dín in. Agbègbè Puglia ní gúúsù Ítálì ni ó ti gbajúmọ̀.
• Stromboli: a ká a bí ẹní. Orúkọ erékùṣù kan ní Ítálì ni ó ń jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ítálì tó tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Kí ló dé tí èyí tí a ká fi gba ìṣọ́ra?

Ohun tó wà lórí písà pẹrẹsẹ hàn sí ojú. Ti èyí tí a ká fara sin, àwọn àgbà sì ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5. Bí ara páálí bá fi hàn pé iyọ̀ gíráàmù 1.2 wà nínú gíráàmù 100, calzone kan tó wọn gíráàmù 300 ní iyọ̀ gíráàmù 3.6. Bí ó bá jẹ́ «sodium» ni a kọ, ẹ sọ iye rẹ̀ di ìlọ́po 2.5 kí ẹ tó mọ ìwọ̀n iyọ̀. Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tàbí ti kíndìnrín má ṣe dá odindi kan jẹ.

Ooru. Èèpo lè ti tutù nígbà tí wàràkàṣì inú ṣì gbóná janjan. Ẹ là á sí méjì, kí ẹ sì dúró díẹ̀ kí ẹ tó fún ọmọdé tàbí arúgbó. Bí ó bá jó ara, ẹ da omi tútù tó ń ṣàn sí i fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má ṣe fi òróró tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á.

Híhá lọ́fun. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4, ẹ yọ kóró èso ólífì, kí ẹ sì la òun àti sọ́séèjì ní òòró sí wẹ́wẹ́.

Ohun tí ara kò gbà. Àlìkámà àti wàrà wà nínú gbogbo oríṣi wọ̀nyí. Ẹ bi olùtà léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Yíyọ wàràkàṣì kúrò kò sọ ọ́ di aláìléwu.

Ìtọ́jú àjẹkù

Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ níta ju wákàtí 2 lọ, tàbí wákàtí 1 bí ojú ọjọ́ bá gbóná ju 32°C lọ. Nínú fíríìjì, kí ó má ju ọjọ́ 4 lọ. Bí iná bá sì lọ fún wákàtí tó ju 4 lọ, ẹ dà á nù. Bí ẹ bá ń tún un gbé kaná, kí àárín rẹ̀ gbóná dé 74°C.

Fún òṣìṣẹ́ ìlera

Bí aláìsàn bá sọ pé òun jẹ písà, ẹ bèèrè bóyá pẹrẹsẹ ni tàbí èyí tí a ká, iye tó jẹ, àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni ẹ ó fi mọ ìmọ̀ràn tó yẹ ẹ́.