Níbo Ni Owó Orí Wọlé Sí?

Láyé ìjọba àwọn ọba lábẹ́ Òyìnbó, baálẹ̀ á gba owó orí, á gbé e lọ sọ́dọ̀ ọba, ọ̀rọ̀ parí. Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti 1952 ló mú kánsẹ́lọ̀ tí a dìbò yàn dé abúlé. Ẹ lè dá a dúró lọ́nà oko, kí ẹ bi í pé: afárá wa ńkọ́? Ìbéèrè yìí kì í sì í dùn mọ́ ọn nínú! Ìjọba sójà tú àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí ká ní 1966. Nígbà tó fi di 1968, owó orí wúwo, owó kòkó kò tó nǹkan, àgbẹ̀ kò sì rí kánsẹ́lọ̀ bi mọ́. Ni Àgbẹ́kọ̀yà bá dìde. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó dín owó orí kù sí £2 ní 1969.