Ọkọ̀ tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ lóòótọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ òní máa gùn díẹ̀. Ẹ wá ibi jókòó sí.

Àǹtí mi ra mọ́tò tuntun. Mọ́tò oníná ni o, èyí tí kì í mu epo rárá. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa ní Ìgàndò ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, torí iná wa kì í ṣe iná tí èèyàn ń gbọ́kàn lé. Owó tí wọ́n yá ní kọpuréétì ni wọ́n fi kún èrè ọjà, ọdún mẹ́ta ni wọ́n sì máa fi san án. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin gbọ́, gbogbo ohun tí wọ́n sọ kò ju, "Ṣé ìwọ náà ò gbé Èkó ni?" Wọn ò bá Àǹtí mi sọ̀rọ̀ mọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Èmi ni mo bá wọn lọ gbé e ní Ìkẹjà, nítorí èmi ni mo máa ṣe fídíò. Wọ́n ní kí n wà á wálé. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo ń retí kí ẹ́ńjìnnì dún. Kò dún. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ọmọkùnrin tó kó kọ́kọ́rọ́ fún wa ní, "Àǹtí, ó ti tàn tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á."

A gba Agége, a gba Dọ̀pẹ̀mú, a já sí Àkọ̀wọ́njọ. Ní Ẹ̀gbẹ́dá, ìyá kan gbé igbá ata sórí, wọ́n ń lọ jẹ́jẹ́ níwájú wa, wọn ò mọ̀ pé mọ́tò wà lẹ́yìn wọn. Mo fọn fèrè. Wọ́n fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n yíjú padà: "Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Kí ló dé tí mọ́tò yín ò pariwo?" Mo bẹ̀ wọ́n títí. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ là ń pe mọ́tò ní Yorùbá, ìyẹn ọkọ̀ tó ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́. Látìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí ọ̀kan rí ní Ìkọ̀tún tó yọ́ kẹ́lẹ́. Dánfó ló máa yọ́ kẹ́lẹ́ ni àbí márúwá?

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn. Àṣé ohun tí mò ń pè ní tuntun ti dàgbà ju bàbá bàbá mi lọ.

Ní 1897, takisí oníná ti ń gbé èrò ní New York. Ní 1899, mọ́tò tó kọ́kọ́ sáré kọjá 100 kìlómítà láàárín wákàtí kan láyé yìí, oníná ni. Ará Bẹ́ljíọ̀mù kan tó ń jẹ́ Camille Jenatzy ló wà á. Nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ tan mọ́tò elépo máa dúró níwájú rẹ̀, á fi irin yí i tagbára-tagbára. Bí irin yẹn bá ta padà, ó lè ṣẹ́ ni lápá. Oníná kò ní wàhálà yẹn, kò rùn, kò ní èéfín, àwọn dókítà àti àwọn obìnrin olówó sì fẹ́ràn rẹ̀. Clara, ìyàwó Henry Ford, Detroit Electric ló ń wà káàkiri. Henry Ford tí mò ń wí yìí náà ló gbé Model T elépo jáde ní 1908 o! Ìyàwó oníbúrẹ́dì ń ra búrẹ́dì níwájú ilé ẹlòmíì.

Kí ló wá pa mọ́tò oníná nígbà yẹn? Model T wọ́n pọ́ọ́kú. Ní 1912, Cadillac fi ohun tó ń tan ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ sí mọ́tò wọn, wàhálà irin yíyí dópin. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀nà ló pa á jù. Ọ̀nà jáde kúrò nígboro, ó dé abúlé tí kò níná. Epo ṣeé bù sínú agolo, ó ṣeé gbé kalẹ̀ níbikíbi. Iná kò ṣeé bù sínú agolo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé gbólóhùn yẹn, torí ìtàn ti wa náà ló wà nínú ẹ̀.

Èkó ti rí iná mànàmáná ní Marina kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, kí mọ́tò tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ rárá. Iná ló ṣíwájú! ECN dé ní 1950, ó di NEPA ní 1972, ó di PHCN ní 2005, wọ́n tà á fún àwọn aládàáni ní 2013. Orúkọ ń yí, àwọn ọmọdé ṣì ń pariwo "Up NEPA!" Láàárín àkókò yẹn, wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní 1956, ó sì wá di pé epo la fi ń ṣe iná fúnra wa. Kò sí ilé tí ẹ máa wọ̀ ní Ìgàndò tí ẹ ò ní bá jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì. Àwa ará Alímòṣọ́ sì mọ ohun tí epo lè ṣe. Ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, ọ̀pá epo tí wọ́n lu gbiná ní Abúlé Ẹ̀gbá níbi táwọn èèyàn ti ń bù ú. Àwọn tó kú lé ní igba. Ìyá mi kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ n gbé yín lọ sí Ọ̀jọ́. Láti Ìgàndò, ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà LASU títí dé Ìyànà Ìbà, ẹ bọ́ sójú ọ̀nà Badagry. Ibẹ̀ ni Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní 1975. Ibẹ̀ ni wọ́n ti to Beetle tí à ń pè ní Ìjàpá, wọ́n tún to èyí tí wọ́n sọ ní Igala. Bàbá àgbà mi ní Ìjàpá kan. Mo ní fọ́tò tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ kan lé iwájú rẹ̀ bí ẹni tó pa erin. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, ọjà kú, ilé iṣẹ́ náà dákẹ́, kó tó wá bọ́ sọ́wọ́ Stallion. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, inú ọgbà yẹn gan-an ni Gómìnà Sanwo-Olu ti ṣí aṣọ lójú Hyundai Kona, mọ́tò oníná tí wọ́n tò ní Nàìjíríà. Mílíọ̀nù 24 náírà ni wọ́n pè é. Wọ́n ní ó lè rin 482 kìlómítà kí bátìrì tó tán. Nígbà yẹn, a fi ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí.

Ẹ̀fẹ̀ yẹn dín kù ní May 29, 2023, ọjọ́ tí wọ́n ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà kan tí kò tó 200 náírà di 488 ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì dúró síbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni Àǹtí mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Lóòótọ́, iná náà gbówó lérí ní oṣù Kẹrin ọdún 2024: àwọn tó wà ní Band A kúrò ní 68 náírà sí 225 fún yúnìtì kan. Bátìrì Àǹtí mi ń gba yúnìtì 40. Kódà ní iye Band A yẹn, 9,000 náírà ló máa kún un. Àwa ò sì sí ní Band A. Iná tiwa wọ́n kéré, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ rí i ná.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mọ́tò dé ni tiráńsífọ́mà àdúgbò jóná. Tiráńsífọ́mà tí gbogbo wa dáwó rà o. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ní mọ́tò Àǹtí mi ló jẹ ẹ́. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù pe ìpàdé ní ọjọ́ Sunday. Bàbá kan dìde: "Ẹ̀yin ìyá yìí, ẹ fẹ́ fi iná gbogbo wa wa mọ́tò?" Àǹtí mi kò lè sọ̀rọ̀. Èmi ni mo dìde, mo kúnlẹ̀ kí wọ́n, mo ní kí wọ́n wo ara wáyà tí a fi ń chájì: iná tó ń fà kò ju ti àìrọ́ọ̀nù méjì tí wọ́n tàn pọ̀ lọ. Mo bi wọ́n pé AC mélòó ló wà ládùúgbò. Ilé pa rọ́rọ́. Bọ̀ọ̀dá tó ń ṣe iṣẹ́ iná fún wa ló gbà mí: wọ́n ní wọ́n ti kìlọ̀ látọdún tó kọjá pé ẹrù ti pọ̀ jù lórí ẹ̀.

Wọn ò gbà pé a jàre, ká má parọ́. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé Àǹtí mi máa san ìlọ́po méjì nínú owó àtúnṣe, wọn ò sì gbọ́dọ̀ chájì kó tó di aago mọ́kànlá alẹ́. Wọ́n san án. Inú ṣì ń bí mi.

Àná, aago méjì òru kọjá díẹ̀, mo gbọ́ "Up NEPA!" látẹnu ọmọ ilé kejì, tó yẹ kó ti máa sùn. Mo yọjú lójú fèrèsé. Àǹtí mi ti wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìró láyà, wọ́n ń fa wáyà bọ̀ láti kọ́rídọ̀. Ẹni tó bá wọn di tọ́ọ̀ṣì mú ni ẹ̀gbọ́n wọn tí kò bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí.