Kí "Phonics" Tó Dé, A-B-D Ti Wà Nílé

Bí ẹ bá ń kọjá níwájú àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni nílẹ̀ Yorùbá lónìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i lára pátákó wọn pé "phonics" ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Òbí á sanwó, inú rẹ̀ á sì dùn. Kí tiẹ̀ ni phonics yìí? Kò ju kí ọmọ mọ ìró tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń dún, kó wá so àwọn ìró náà pọ̀ di ọ̀rọ̀. Ọ̀nà tó dáa ni, mi ò bá a jà. Àmọ́ ṣé àjèjì ni lọ́dọ̀ wa? Rárá o. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ ní Yorùbá.

Kí A-B-D tó dé rárá, wàláà ti wà. Ní ilé kéú, wọ́n á fi tàdáwà kọ lẹ́tà Lárúbáwá sí ojú wàláà, ọmọ á máa pè é tẹ̀ lé àfáà títí á fi mọ́ ọn lórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ́ ọ bí àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ ṣe ń yí ohùn lẹ́tà padà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti ibẹ̀ mọ Kùránì kà kí wọ́n tó gbọ́ èdè Lárúbáwá, ìtumọ̀ á wá tẹ̀ lé e tó bá yá. Ẹ fi èyí sọ́kàn: èèyàn lè mọ ọ̀rọ̀ pè láìmọ ohun tó ń wí. A ó padà sórí ẹ̀.

Tá a bá wá kan A-B-D, a ò lè fo Samuel Ajayi Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ní 1822, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé kíkà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Nígbà tó dàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kọ èdè tirẹ̀ sílẹ̀. Ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ jáde ní 1843. Ní 1875, àwọn ìjọ CMS ṣèpàdé ní Èkó kí ọ̀nà tí à ń gbà kọ Yorùbá lè ṣọ̀kan.

Ohun tí iṣẹ́ wọn fún wa lágbára gan-an. Lẹ́tà 25 ni a ní, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìró kan ṣoṣo ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní. Ẹ tún wo orúkọ tí à ń pe àwọn lẹ́tà náà: a, bí, dí, e, ẹ, fí. Orúkọ lẹ́tà gan-an ló ń sọ ìró rẹ̀ fún ọmọ. Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́? "Dọ́búlù-yú" ni wọ́n ń pe W. Ọmọ wo ló máa gbọ́ "wí" nínú ìyẹn? Tó bá tún mọ "though" kà, "cough" àti "through" ń dúró dè é. Ìdí nìyẹn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi nílò phonics. Wàhálà èdè wọn ni wọ́n ń tún ṣe.

Nílé ẹ̀kọ́ tiwa, tí ọmọ bá ti mọ lẹ́tà tán, ó kan síso wọn pọ̀: b, a, ba; d, a, da. Látorí ìyẹn, ó ti di "bàbá" àti "adé". Ohùn ni iṣẹ́ tó kù: dò, re, mí, kó má baà pe igbá ní ìgbà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni gbólóhùn kéékèèké àti àwòrán. Ìwé Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ wà lára àwọn tó mú iṣẹ́ yìí rọrùn. Orúkọ ìwé náà ti sọ gbogbo ẹ̀: ẹni tó ń wí i títí á fi yé ni. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, tí ọmọ ya wọ kíláàsì bí omi, Aláwìíyé wà lára ìwé tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi mọ̀wé kà.

Àmọ́ ọdún mélòó kan péré ni wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ wọn. Tó bá yá, gbogbo iṣẹ́ á yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ wá béèrè pé: tá ò bá yí i padà ńkọ́? Ní 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Àjọ Ford Foundation ló fowó tì wọ́n lẹ́yìn. Àwọn ọmọ kan fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ tó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn kan tẹ̀ lé ìlànà àtijọ́. Ìwé Yorùbá fún irú iṣẹ́ báyìí ò tó, àfi kí wọ́n jókòó kọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n wọn èsì, àwọn tó fi Yorùbá kàwé ò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Mi ò ní sọ pé Yorùbá nìkan ló ṣe é, torí ìwé tuntun àti olùkọ́ gidi náà kópa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń ba òbí, pé Yorùbá á ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́, kò rí ẹsẹ̀ dúró ní Mọdákẹ́kẹ́.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká padà sórí ohun tá a sọ níbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni ìwé kíkà: ká sọ àmì di ìró, ká sì sọ ìró di ìtumọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń sọ Yorùbá nílé, tó bá ti lè pe "ewúrẹ́" látinú ìwé, ewúrẹ́ ti dé ojú ẹ̀. Tó bá pe "goat", iṣẹ́ ṣì kù. Tí ìtumọ̀ ò bá tètè dé, ọmọ á kàn máa há a sórí, òbí á rò pé ó ti mọ̀wé kà. Ẹni tó bá sì ti mọ iṣẹ́ méjèèjì ṣe ní èdè kan, kì í tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní èdè kejì. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ìjọba náà gbọ́. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti 1977 fẹ́ kí èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ṣáájú ní ìbẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2022, wọ́n fọwọ́ sí i pé kó jẹ́ ọdún mẹ́fà odindi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e, ó tọ́ka sí bí àwọn ọmọ ṣe ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ta ló wá kọ ìwé tó pọ̀ tó fún ìlànà náà? Olùkọ́ mélòó ni wọ́n kọ́ níṣẹ́ rẹ̀? Ní Mọdákẹ́kẹ́, iṣẹ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò tàbí ọmọ nílé, ẹ ò nílò àṣẹ mínísítà. Ẹ fún un ní gbólóhùn mẹ́ta ní Yorùbá, kó kà á, kó sì sọ ohun tó kà fún yín lẹ́nu ara rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì náà. Ibi tó bá ti dákẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.