Àgùàlà Kì í Ṣe Ajá Oṣù

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ní Fìdítì, tí àwọn ìyá tó ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó létí títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ bá ń palẹ̀ ọjà mọ́, ìmọ́lẹ̀ kan a máa yọ ní ìwọ̀ oòrùn kí ìràwọ̀ kankan tó jáde. Kì í ṣẹ́jú. Ó funfun báláú, ó dúró gangan bíi fìtílà tí wọ́n gbé ka orí òkè. Àgùàlà nìyẹn. Tó bá di àwọn oṣù mìíràn, ẹ ò ní rí i nírọ̀lẹ́ mọ́. Àgbẹ̀ Ìlọrà tó bá jí lọ sóko ní ìdájí ni yóò bá a ní ìlà oòrùn. Ìràwọ̀ alẹ́ àti ìràwọ̀ òwúrọ̀, ọ̀kan náà ni, kò sì kúkú jẹ́ ìràwọ̀: plánẹ́ẹ̀tì ni, bí ilẹ̀ ayé wa yìí, Venus ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn baba wa ti ń ṣọ́ ọ tipẹ́. Wọ́n rí i pé ó máa ń sún mọ́ oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, èyí ló jẹ́ kí àwọn kan máa pè é ní ajá oṣù. Òwe ló dá wọn lóhùn: Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Òwe náà kò parọ́. Nǹkan bíi kìlómítà 384,000 ni oṣù fi jìnnà sí wa. Nígbà tí Àgùàlà bá sún mọ́ wa jù lọ, ó ṣì jìnnà tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ìyẹn. Oòrùn ló ń yí po, ọjọ́ 225 ló sì fi ń yí i tán. Kó tó yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, ó di ọjọ́ 243, òdì ló sì ń yí sí. Ẹni tó bá lè dúró níbẹ̀, ìwọ̀ oòrùn ni oòrùn yóò ti là fún un.

Àmọ́ ta ni yóò dúró níbẹ̀? Ooru ibẹ̀ tó nǹkan bí 465 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, òjé yóò yọ́ bí òrí. Irú ásíìdì tí wọ́n ń dà sínú bátìrì mọ́tò ló wà nínú ìkùukùu rẹ̀. Ìkùukùu yẹn gan-an ló ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà, tó fi ń dán tó bẹ́ẹ̀ lójú wa. Ní December 1970, ọkọ̀ Venera 7 ti ìjọba Soviet balẹ̀ síbẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 23 péré ló fi ránṣẹ́ padà látorí ilẹ̀ kó tó dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ 8 June 2004, Àgùàlà gba iwájú oòrùn kọjá, bí àmì dúdú kékeré kan, ó sì ṣeé rí láti ilẹ̀ Nàìjíríà. Ó tún kọjá ní 2012, ṣùgbọ́n òru ló bọ́ sí lọ́dọ̀ wa. Ó di December 2117 kó tó tún ṣẹlẹ̀.

Àgùàlà nìkan kọ́ ni orúkọ Yorùbá tó wà lójú ọ̀run; èyí tó wú mi lórí jù ni ti Ṣàngó, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jupiter. Jupiter ni plánẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù. Fífẹ̀ rẹ̀ tó ìlọ́po mọ́kànlá ti ayé. Orúkọ òrìṣà ààrá àwọn ará Róòmù ni wọ́n fi pè é. Ní January 1610, Galileo fi awò rẹ̀ rí oṣù mẹ́rin tó ń yí i po, ọ̀kan nínú wọn ni Io. Ní March 1979, ọkọ̀ Voyager 1 kọjá níbẹ̀, ó sì ya àwòrán òkè ayọnáyèéfín tó ń tu iná lọ́wọ́ lórí Io, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí a máa rí lẹ́yìn ti ayé. Ohun tó fà á ni pé Jupiter àti àwọn oṣù yòókù ń fa Io síbí, wọ́n ń fà á sọ́hùn-ún, bí ẹni ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn títí tó fi gbóná lọ́wọ́.

International Astronomical Union, tó ń fún àwọn ibi wọ̀nyí lórúkọ, pinnu pé òrìṣà iná, oòrùn àti ààrá ni wọn yóò máa fi sọ àwọn ojú iná Io. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan ṣe di Shango Patera. Awo pẹrẹsẹ ni patera lédè Látìn. Ṣàngó tó jọba ní Ọ̀yọ́ Ilé, tí wọ́n ń bọ títí dòní ní Ọ̀yọ́ tí kò jìnnà sí Ìlọrà, òun ló ní kòtò iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jupiter. Voyager 1 sì rí i pé mànàmáná ń kọ lórí Jupiter fúnra rẹ̀. Èmi ò mọ orúkọ mìíràn tó bá ibi tí wọ́n fi í sí mu tó báyìí.

Orúkọ òrìṣà Yorùbá wà lórí Ceres náà. Nígbà tí wọ́n rí Ceres ní 1801, plánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n pè é. Láti 2006 ni wọ́n ti kà á mọ́ àwọn aràrá plánẹ́ẹ̀tì, ọdún kan náà tí wọ́n yọ Pluto kúrò nínú mẹ́sàn-án tí a há sórí níléèwé, tó fi ku mẹ́jọ. Kòtò kan wà lórí Ceres tó ń jẹ́ Oxo, orúkọ òrìṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Brazil. Ọkọ̀ Dawn rí omi dídì nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Afijió, kí ẹ tó kọ Venus sójú pátákó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ Àgùàlà. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n jáde síta tí oòrùn bá wọ̀, kí wọ́n wá a.